Ìdí Tí Mi Ò Fi Gbé Fóònù Yín Mọ́

Ẹ̀gbọ́n mi Wijdan,

Ẹ kú òtútù Kánádà o. Màmá kí yín, orúnkún wọn ti sàn díẹ̀. Ewúrẹ́ wọn bí ìbejì.

Mo sọ fáwọn awakọ̀ mi pé ẹni tó bá rí ewu tó sì sọ ọ́, màá ra kunafa, àkàrà dídùn oníwàràkàṣì yẹn, fún un. Oṣù méjì, kò sẹ́ni tó yanu. Àfi bí Abu Ghaleb, àgbà wọn, ṣe dìde:

“Ọ̀gá, ẹ̀yin ni ewu tí mo rí! Ẹ ń wa tírélà sọ̀kalẹ̀ òkè Ras an-Naqab, ẹ ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù!”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ pè mí.

Mo ra kunafa fún un. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn ló lẹ́nu: bíréèkì tírélà mẹ́ta ló ti jẹ tán. Ọ̀kan nínú wọn ni tírélà tí mo wà lọ́jọ́ náà.

Ẹ máa pè mí lálẹ́, nígbà tí mi ò sí lórí ọkọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kanra.

Nawwaf