Agolo Tí Mùríìdì Fi Dé Orí Ọ̀pá

                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                        Ifangni.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà, 2024.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n, Sìdíkátù,

Ẹ kú òjò o, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ṣé ara le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ọrùn tó ń dun bàbá wọn ti fúyẹ́? Ara tiwa dá ṣáká, ẹ̀rín ni kò jẹ́ kí n lè di bíìkì ìkọ̀wé mú dáadáa.

Ẹ má wulẹ̀ wá gbé Ìyá lọ sọ́dọ̀ yín ní Lagbé mọ́! Àbúrò yín, Mùríìdì, ti pè yín lórí fóònù pé òórùn balùwẹ̀ ti tán, àmọ́ ó dá mi lójú pé kò sọ ẹni tó fà á. Èmi ni n ó sọ ọ́.

Ẹ rántí pé ọ̀sẹ̀ tí Ìyá kó wá sọ́dọ̀ wa gan-an ni balùwẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. A da jáfẹ́ẹ̀lì tó ń pa òórùn, a da omi gbígbóná, kò gbọ́. Ìyá wá ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, wọn ò sì jẹ́ kí Chérifath ọmọ wa jókòó lé wọn lẹ́sẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n di ẹrù, mo rò pé ilé wa ló sú wọn.

Àná ni mo lọ mú Philomène wá láti Igolo, obìnrin tó ń tún ọ̀pá omi ṣe. Mùríìdì ń yínmú. Philomène ní kí n da omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì tẹ́tí sí ihò omi inú balùwẹ̀. Ó ń dún gbulu-gbulu. Ló bá jáde, ó gbójú sókè wo orí páànù, níbi tí ọ̀pá kan ti yọ jáde.

"Mais, ta ló fi agolo dé tuyau yẹn?"

Àǹtí mi, ọkọ mi ni! Kí Ìyá tó dé, ó gun òrùlé, ó fi agolo tòmátì dé e, ó tún fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́, kí òjò àti alángbá má baà gba ibẹ̀ wọlé bá ìyá rẹ̀. Àṣé ibẹ̀ ni ọ̀pá ìdọ̀tí ti ń mí! Philomène ní omi díẹ̀ ló máa ń dúró níbi tí ọ̀pá ti tẹ̀ kọrọdọ lábẹ́ ihò, òun ló ń dí òórùn kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀pá kò rí afẹ́fẹ́ fà lókè, omi yẹn ló ń fà lọ ní gbogbo ìgbà tí a bá da omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òórùn á sì gòkè wá. Ó yọ agolo, ó da omi sínú ihò náà, ó parí!

Ìyá rọra sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi, kì í ṣe ara tèmi ló ń rùn?"

Ojú tì mí, mo dì mọ́ wọn, mo sunkún. Ìyá ní tiwọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń wá Mùríìdì, ó ti sá wọ yàrá.

Wọ́n ti tú ẹrù wọn. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n wẹ̀, wọ́n sì pe Chérifath kó wá jókòó lé wọn lẹ́sẹ̀.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti gbogbo ilé.

Èmi ni ìyàwó yín tí kì í pa àṣírí mọ́,
Ràúfátù.