Ọkọ̀ Yín Máa Gba Ìyànà Ìbà Kọjá

Ìbà, Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Fọláyẹmí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Akínṣọlá, mo sì kí Dámilárá ọmọ-ọmọ mi tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Ṣé òtútù Kánádà yẹn ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún yìí? Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ara yín le, kí oúnjẹ máa dùn lẹ́nu yín, kí oorun yín má ní ìdíwọ́. Èmi náà wà láàyè. Orúnkún ló ń dùn mí, ìyẹn ò sì lè pa mí. O máa bi mí pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, ẹkún ni kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ìwọ náà á wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Stephen àbúrò rẹ ló máa ya fọ́tò ìwé yìí, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Jọ̀ọ́, kà á dé ìsàlẹ̀.

Mo ti gbọ́ pé ẹ̀ ń bọ̀ wá lo ìsinmi. Má bínú sí Stephen, kò tú àṣírí rẹ. Ohùn tí o gbà ránṣẹ́ sí i pé kó bá yín wá ọkọ̀ àti dírẹ́bà, ó ń gbọ́ ọ ní pálọ̀ ni, ó rò pé bàbá rẹ ti sùn nínú yàrá. Mo ti sọ fún ọ pé ojú ń dun bàbá rẹ. Ojú yẹn ti kọjá dídùn, Fọláyẹmí. Kò ríran mọ́ rárá. Àmọ́ etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ ju tèmi lọ, ó sì gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ. O ní ọjọ́ méjì lẹ máa lò ní Áílàńdì kí ọmọ lè rí Èkó, ẹ máa wá lo ọjọ́ mẹ́ta létí òkun ní Àgbádárìgì, ẹ máa padà síbi bàálù. O wá ní, "Má sọ fún Mọ́mì o. Mi ò fẹ́ ṣe àkóbá fún Dádì." Bàbá rẹ ní kí Stephen tún un gbé sí i kí òun tún gbọ́. Ó gbọ́ ọ títí tí bátìrì fóònù yẹn fi kú.

Inú mi kọ́kọ́ bí. Mo ní, ṣé ọmọ tí mo bí ló máa wọ Èkó bí olè, tó máa jáde bí olè? Ìgbà tí mo jókòó ni mo wá rò ó. Etí òkun pọ̀ ní Èkó. Àwọn tó sún mọ́ Áílàńdì wà níbẹ̀, táwọn tó lówó ń lọ. Àgbádárìgì lo wá yàn, tó jìnnà, tí títì ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ìdí ẹni sinmi. Kò sí bí ẹ ṣe máa dé ibẹ̀ tí ọkọ̀ yín ò ní gba Ìyànà Ìbà kọjá. Mo mọ ọmọ tí mo bí. Ńṣe lo fẹ́ kọjá nítòsí wa, kí o ṣáà gba ojú fèrèsé wo ọ̀nà ilé. Nígbà tí èyí yé mi, mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún débi tí ẹ̀wà fi jóná.

Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ àìwálé yìí ka orí rẹ, mo mọ̀. Àmọ́ ìwọ náà wà níbẹ̀ ní Òkokomáíkò lọ́jọ́ tí ìjọ ń gbàdúrà ìrìn àjò fún ọ, tí Wòlíì Májẹ́kódùnmí dìde láàárín àwọn aláṣọ funfun, tó sì ní, "Ọmọ yìí á lọ, á là. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá padà fi ẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá rẹ̀, wọ́n á gbé òkú jáde níbẹ̀." Ẹnu ọkùnrin yẹn kan náà ló sọ pé kí Stephen má gun kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ́sẹ̀ yẹn, Stephen ò gbọ́, kẹ̀kẹ́ sì dojú dé pẹ̀lú rẹ̀ nítòsí Navy Town. O rí àpá tó wà níwájú orí rẹ̀. Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Bí mo ṣe ní kí o má wálé nìyẹn, tí o ṣe ìgbéyàwó lọ́hùn-ún, tí o bímọ lọ́hùn-ún, tí èmi sì ń wo ọmọ nínú gíláàsì fóònù.

Bàbá rẹ ò fara mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. O mọ̀ ọ́n, ìdúpẹ́ ìkórè àti Àjíǹde nìkan ló ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ilé tí òun fi owó ìwakọ̀ kọ́, ta ni wòlíì tó máa ti ọmọ òun mọ́ta níbẹ̀? Ẹ̀rù ìran yẹn pọ̀ lójú mi ju ìbínú rẹ̀ lọ.

Fọláyẹmí, ara bàbá rẹ ò yá. Ìtọ̀ ṣúgà tó mú ojú rẹ̀ ti wọ inú kíndìnrín. Nígbà tí a lọ sọ́sípítù kẹ́yìn, dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Mama, ẹ máa fún wọn ní ohunkóhun tó bá wù wọ́n jẹ." O gbọ́ èdè yẹn? Dókítà tó ti ń lé ẹ̀bà kúrò níwájú bàbá rẹ láti ọdún tó kọjá, òun ló wá ní kí n fún un ní ohun tó bá wù ú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò jẹ́ kí bàbá rẹ mọ̀. Mo ní dókítà sọ pé ara ń yá ni.

Látìgbà tó ti gbọ́ ohùn rẹ lara rẹ̀ ti jí díẹ̀. Òun ló wá ń bá yín to ìsinmi yín báyìí. Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tán tí á pè mí, "Ìyá Fọláyẹmí, wá gbọ́." Á ní kí ẹ mú ọmọ gba orí afárá gígùn yẹn kọjá nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń wọ omi. Á ní kí ẹ kúrò ní Áílàńdì ní ìdájí Sátidé, nítorí pé ọ̀nà kì í dí lákòókò yẹn. Á ní bí ẹ bá ń sọdá ọ̀sà, kí ẹ má wọ ọkọ̀ ojú omi tí wọn ò bá ti fún ọmọ ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Òkun Àgbádárìgì ń fa ẹsẹ̀, kí Dámilárá má ṣe kọjá ibi tí omi ti kan kókósẹ̀. Àgbọn ibẹ̀ dùn, àmọ́ kí ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó bá sáré pàdé yín. Ọkùnrin tó wa bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lọ sí Agbára fún ọdún gbọọrọ, kò sí kòtò tí kò mọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Àmọ́ bó bá ti to ìrìn àjò yẹn dé Ìyànà Ìbà, á ní, "Wọ́n á yà sílé ná, wọ́n á jẹun, kí wọ́n tó máa lọ." Bó ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ nìyẹn, bíi pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan nílẹ̀.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Òkokomáíkò láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ìran yẹn kúrò. Wòlíì Májẹ́kódùnmí ti kú, Fọláyẹmí, ó ti tó ọdún méjì. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Ọládàpọ̀ ló wà nípò rẹ̀ báyìí. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí. Ó gbé mi dìde, ó ní, "Ìyá, ẹni tó rí ìran ló lè padà lọ béèrè. Èmi ò rí i, mi ò lè fagi lé e." Mo ní kó bá mi gbàdúrà, ó gbà á, mo ṣe àmín, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo gbé bàtà mi lọ́wọ́ débi títì kí n tó rántí pé mi ò tíì wọ̀ ọ́.

Ohun tí mo wá rò nìyí. Ìran yẹn ní ilé bàbá rẹ, kò ní ẹ̀gbẹ́ títì. Mo ní kí Stephen gbé bàbá rẹ sínú kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, kí a gbé àga síbi ibòòji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní Ìyànà Ìbà. Kí dírẹ́bà yín dúró níbẹ̀. Kí o sọ̀kalẹ̀, kí o jẹ́ kó gbọ́ ohùn rẹ, kí o gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀. Kò ní pẹ́. Ẹ á sì máa bá ìsinmi yín lọ, ẹnikẹ́ni ò ní fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí wọ́n ní kí wọ́n má tẹ̀.

Mo gbé e síwájú bàbá rẹ. Ó ní, "Mòrẹ́nikẹ́, ṣé ẹrù ni mí tí wọ́n máa gbé fún èrò ọkọ̀ létí títì?" Ó kọjú sí ògiri. Kò jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ mi ti di iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Bí o bá wọlé, tí nǹkan ṣe bàbá rẹ lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo pè ọ́. Bí o bá kọjá lọ, tó kú nígbà tí ẹ bá wà létí òkun, èmi ni mo lé ọ. Mo ti gbààwẹ̀ títí, inú mi ti gbẹ, mi ò gbọ́ ìdáhùn. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Mo ti dàgbà tó báyìí, ẹ̀rù ń bà mí bí ọmọdé tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́jà. Mo kàn ń bẹ̀ ọ́ ni: má ṣe kọjá lásán. Bí kò bá tiẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ títì lọ, dúró. Màá bẹ bàbá rẹ títí á fi gbà.

Ọlọ́run á gbé yín gúnlẹ̀ láyọ̀. Ọkọ̀ òfurufú ò ní já yín sílẹ̀, omi ò ní gbé yín lọ, títì ò ní mu ẹ̀jẹ̀ yín. Bí o ṣe ń ro rere sí wa, ọmọ tìrẹ náà á ro rere sí ọ. Kò ní pẹ́ jù kí ojú wa tó ríra.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Mòrẹ́nikẹ́ Ògúnjìmí.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan:

Mo rò pé mo ti parí lẹ́tà yìí lánàá. Bàbá rẹ gbọ́ bí mo ṣe ń ṣí ìwé, ó ní kí n kà á sóun létí. Mo fẹ́ fo ibi ọ̀rọ̀ dókítà, mo sì ṣí ojú ìwé kí n tó kà á tán, ó ní, "Ka ibẹ̀ yẹn náà." Mo kà á. Ó ní òun ti mọ̀ látọjọ́ tí mo ti gbé ẹ̀bà wá tí mi ò jà. Ó wá ní kí n kọ èyí sí ọ bí òun ṣe sọ ọ́, kí n má yọ nǹkan kan níbẹ̀:

"Fọláyẹmí, Májẹ́kódùnmí ò purọ́. Wọ́n á gbé òkú jáde nílé yìí, èmi sì ni. Bí o bá wá, wọ́n á gbé mi. Bí o ò bá wá, wọ́n á gbé mi. Kí ló dé tí n ò wá ní gbọ́ ohùn ọmọ mi ná? Sọ fún dírẹ́bà kó má wà láàárín títì, kó ti fara mọ́ ọwọ́ ọ̀tún kó tó dé Ìyànà Ìbà. Kó yà sọ́tùn-ún níbẹ̀, kó kọjá ẹnu géètì yunifásítì, kó máa bọ̀ tààrà. Wọ́n ti kọ́ ilé sí gbogbo ibi tó jẹ́ pápá nígbà tí o lọ, má jẹ́ kó dà ọ́ lójú rú. Bó bá rí mọ́ṣáláṣí kékeré, kó yà sósì. Géètì wa kì í ṣe pupa mọ́, ìyá rẹ ní búlúù ni wọ́n kùn ún. Kó tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ tí mo bá ti Agbára dé. Nígbà yẹn, ìwọ lo máa ń sáré wá ṣí géètì fún mi. Ó ti kàn mí."

Mo ti kọ ọ́ bó ṣe wí. Láti àárọ̀ òní ló ti ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sídìí géètì, á sinmi lójú ọ̀nà, á tún dìde. Mo ní kó wá jókòó, ó ní òun ń kọ́ ọ̀nà ibi géètì. Wá sílé, Fọláyẹmí. Mo ti kó àwọn kẹ́ẹ̀gì omi kúrò lójú ọ̀nà fún un.