Rédíò Ń Sọ̀rọ̀, Fóònù Ò Lọ

                                        Ilé Olórùlé Pupa,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà, Odòde,
                                        Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹjọ, 2025.

Olúyẹ́misí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Iléṣà? Dàmọ́lá ńkọ́, ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà Àjíǹde? Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń wú bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ó ti fúyẹ́? Orúnkún tèmi ṣì ń ké, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí mọ́ nìkan ni nǹkan kì í dùn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ fóònù gan-an ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ kí ó gba inú rẹ̀ kọjá. Akinolúwa, ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ni ní físíìsì, ń bọ̀ ní Iléṣà lọ́jọ́ Ẹtì. Òun ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ.

O mọ Ọ̀ṣúndé, ará Ìwó tó ń ṣe oko kòkó wa lọ́nà Atosin, tó ń mú ìdá kan nínú mẹ́ta owó kòkó. Bàbá Jésùtófínmi, ọkọ mi, ló gbà á sóko kí ó tó kú. Láyé ọkọ mi, bí àkókò àtifín kòkó bá tó, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé oògùn lọ, á sùn sábà fún ọjọ́ mẹ́ta, òun àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ á jọ jẹun nínú àwo kan. Láti ìgbà tó ti lọ, ọdún méjì ààbọ̀ rèé, orí fóònù ni mo ti ń ṣe oko. Bí nǹkan bá wà láti fi ránṣẹ́, ọlọ́kadà ni mo ń rán.

Láti oṣù Kẹrin ni ara ti ń fu mí. Ìgbàkúùgbà tí mo bá pe Ọ̀ṣúndé, obìnrin inú fóònù á ní ẹni tí mo ń pè kò sí nítòsí. Ọ̀ṣúndé ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lábà, pé ẹ̀yìn àpáta ni. Mo ní ó dáa. Àfi ọjọ́ tí ọlọ́kadà tí mo rán dé, tó ní òun bá Ọ̀ṣúndé lẹ́nu ọ̀nà abà, rédíò ń sọ̀rọ̀ ketekete, ó ń gbọ́ ìròyìn. Yẹ́misí, bá mi rò ó. Ṣé kì í ṣe inú afẹ́fẹ́ kan náà ni rédíò àti fóònù ń gbà wá? Báwo ni ọ̀kan ṣe máa mọ̀nà tí èkejì á sọnù? Ìfura loògùn àgbà. Mo ní ẹni tó ń pa fóònù ń pa nǹkan mìíràn mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń pè mí, màá sì gbọ́ atẹ́gùn àti ohùn àwọn èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní ilé ọtí ni. Mo ní kòkó mi ló ń tà ní tútù. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tan àbẹ́là, mo ní kí Olúwa tú àṣírí olè. Mi ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo tilẹ̀ ti bá ẹlòmíràn sọ ọ́ pé kí ó wá gba oko náà kí kòkó tó pọ́n.

Nígbà tí mo ro ẹjọ́ fún Akinolúwa, ẹ̀rín ló fi rín mi. Ó ní ìdílé kan náà ni ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí, rédíò, fóònù, títí kan èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn. Ìgbì ni gbogbo wọn. Ìgbì odò ní láti rí omi kó tó rìn, àwọn yìí kò nílò omi, kò nílò okùn, kò tilẹ̀ nílò afẹ́fẹ́ tí mo ń pariwo rẹ̀. Bí wọ́n bá nílò rẹ̀ ni, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ì bá má dé ọ̀dọ̀ wa, torí òfìfo ló pọ̀ jù láàárín àwa àti òun. Eré kan náà ni gbogbo wọn ń sá nínú òfìfo yẹn, kí n tó ṣẹ́jú wọ́n ti lè yí ayé po. Gígùn ló yà wọ́n. Ti rédíò AM Ọ̀ṣúndé, láti orí ìgbì kan dé orí èkejì lè gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, ó lè wọ́ yí àpáta ká. Ti fóònù kò ju igbọ̀nwọ́ kan lọ. Tó bá kan àpáta, ó parí, ẹ̀yìn ibẹ̀ á ṣókùnkùn sí i bí ìgbà tí a gbé àtùpà sẹ́yìn ògiri.

Mi ò gbà. Mo wò ó títí, mo ń rò ó bóyá Ọ̀ṣúndé ti fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Mo bi í pé ta ló rí ìgbì ọ̀hún tó fi wọ̀n ọ́n. Ó ní kí a lọ wò ó lóko. Mo yára gbà, kí n lè ká olè mọ́bẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, a gun ọ̀kadà lọ. Ọ̀ṣúndé ò sí lábà. Mo ní ṣé Akinolúwa ti rí i báyìí. Ó tan rédíò tó wà lára òpó, rédíò náà sì sọ̀rọ̀. Mo gbé fóònù mi sókè, mo yí abà ká, mo wọ abẹ́ kòkó lọ, kò sí nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí kòkó. Ó ti dúdú, Yẹ́misí, igi lẹ́yìn igi, bí òjò ṣe ń pa á láìrí oògùn.

Akinolúwa fà mí lọ́wọ́ gun ẹ̀gbẹ́ àpáta. Lókè, àwọn òṣìṣẹ́ oko bíi mẹ́wàá jókòó sínú atẹ́gùn, kálukú ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ìgò ọtí kan. Ọ̀ṣúndé dá jókòó, ó kẹ̀yìn sí wa, fóònù wà létí rẹ̀. Fóònù mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́wọ́ mi. Èmi ló ń pè. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun ti ń gùn wá sókè lójoojúmọ́, láti sọ fún mi pé kòkó ń dúdú, kí n fi oògùn ránṣẹ́.

Ojú tì mí. Mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo tí mo rò nípa rẹ̀ fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́. Mo ní àpáta ló fà á. Kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní bí a bá ká èyí tó kù tán, òun á padà sí Ìwó. Ó wá ní, “Màmá, àpáta ló dí fóònù. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló dí yín?”

Bá mi kí Bàbá Dàmọ́lá àti gbogbo ilé, kí o sì fún Akinolúwa lóúnjẹ, kì í béèrè. Bí o bá rí ohun tí mo lè sọ tí Ọ̀ṣúndé yóò fi dúró, má ṣe pè mí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wá sọ ọ́ fún mi nílé.

                                        Èmi ni tìrẹ láìyẹ̀,
                                        Àrìnkẹ́.