Fíìmù Tí A Wò ní Tẹ̀dé

Màmá mi, mo kí yín ní Òṣogbo. Ara wa le ní Tẹ̀dé.

A wo fíìmù kan nírọ̀lẹ́ àná, kò dùn rárá. Ọkọ mú ìyàwó tuntun wálé, ìyáálé wá ń pariwo kiri àdúgbò. Irọ́ ni! Ta ló ń ráyè pariwo? Ìdòwú ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí, Florence lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Àlejò wa ni Florence. Ó ti wà níbí látìgbà tí a ti wa iṣu.

Mo ní, "Àánú obìnrin yẹn ṣe mí."

Ìdòwú ní, "Lọ bu omi fún Florence. Òùngbẹ máa ń gbẹ aboyún."

Mo bu omi náà wá, mo sì padà sórí ẹní.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní inú mi ń dùn.

Ọmọ yín,
Gbémisọ́lá