Àwọn Ọmọ Tí A Kò Kà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹwàá, 1994
Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìsìkàn, níhìn-ín l'Ákùúrẹ́. Ilé dé ilé lèmi àti Fọlákẹ́ ń bi àwọn ìyá: ọmọ mélòó lẹ bí, mélòó ló wà láyé, ṣé wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára? Ìjọba fẹ́ mọ̀ bóyá ètò ìlera ìdílé ń ṣiṣẹ́. Epo ọkọ̀ ò sí nílùú. Ẹsẹ̀ la fi rìn. Kò burú. Mo mọ iṣẹ́ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Òjò. A ò jáde.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ọ̀dà. Gbogbo ìyá ní abúlé yìí ló ní ọmọ òun kankan ò kú. Inú Kíákíá dùn — Dókítà Gbémiga, ọ̀gá wa, tí kì í jókòó mu omi tán. Ó ní bí ikú ò bá sí níbẹ̀ mọ́, kí àwọn nọ́ọ̀sì alábẹ́rẹ́ máa lọ síbòmíràn. Èmi ò gbà. Ọdún tí gaàrí wọ́n báyìí, tí èéyi jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo padà sí Ọ̀dà. Sherifat, ìyàwó àgbẹ̀ tó sọ fún mi lánàá pé ọmọ méjì péré lòun bí, ń wẹ àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ó pe èyí àgbà: "Ìdòwú, mú aṣọ wá."
Mo dúró. Mo rọra bi í pé àwọn ìbejì tó ṣíwájú Ìdòwú ńkọ́.
Ó bu omi sí ẹsẹ̀ ọmọ, ó tún bù ú. Ó ní, "Àǹtí, iye lẹ béèrè. Ṣé kí n máa ka òkú mọ́ alààyè ni?"
Èéyi ló mú àwọn méjèèjì lọ. Mo jókòó tì í. Mi ò kọ nǹkan kan títí ó fi nujú.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo sọ fún Kíákíá pé ká má béèrè iye mọ́. Kí ìyá kàn máa pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ bó ṣe bí wọn, láti orí àkọ́bí. Ó ní wọ́n ti tẹ ìwé ìbéèrè, bébà sì wọ́n. Mo ní ẹnu la fi ń béèrè, sà. Ó wò mí. "Tó bá bàjẹ́, orí ẹ ló máa wà."
Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ọ̀dà parí. Àwọn ìyá sọ̀rọ̀. Ilé tí a bá ti gbọ́ Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́, a máa ń rọra. Ikú pọ̀ ju èyí tí a kọ tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Kíákíá kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó jókòó. Àwọn nọ́ọ̀sì ò ní kúrò ní Ọ̀dà. Mo jẹun yó lónìí.

Ọjọ́rú, 19
Oǹdó, ìlú wa, ló kàn. Ìbò tí wọ́n fi ń yan àdúgbò tí a ó bi mú tiwa, ilé Màámi sì wà nínú rẹ̀. Wọn ò tíì pé àádọ́ta ọdún, wọ́n wà lára àwọn tí à ń bi. Òfin iṣẹ́ ni pé a kì í bi ẹbí ẹni. Fọlákẹ́ wọlé, mo jókòó síta.
Ó pẹ́. Màámi pè mí. "Wọlé wá. Bí mo bá máa sọ ọ́ fún àlejò, kí ìwọ náà gbọ́."
Wọ́n ní, "Jíbọ́lá ni mo kọ́kọ́ bí. Obìnrin ni. Ó ti ń sáré kiri ilé kí ara rẹ̀ tó gbóná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bí èyí." Wọ́n nawọ́ sí mi.
Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní àkọ́bí.
Fọlákẹ́ kọ Jíbọ́lá sí ìlà kìíní, ó kọ èmi sí ìkejì. Nígbà tó lọ, mo bá Màámi gé ẹ̀fọ́. Mo ní kí wọ́n tún pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kí n gbọ́.