Èmi àti Délé Ń Du Àga Kan Náà

Bàbá mi, ẹni tó ni mí,

Ẹ kú àtijọ́ o. Kí n má purọ́ fún yín, inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ Délé ni, Délé àbúrò mi, ọmọ yín tó lọ yunifásítì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dé fún yín, torí mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń ròyìn mi fún yín lọ́hùn-ún. Èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní praimárì, tí mo tẹ̀ lé yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù rédíò ní Mushin, èmi náà ni mò ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí. Láti Ìwáyà dé Surulere, wáyà mi ló wà lórí òpó. Àwọn tó gboyè ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi, Ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ ládùúgbò, orúkọ mi ni wọ́n ń pariwo, kì í ṣe ti ìjọba. Ẹ wá wo ọmọ yín!

Ìgbìmọ̀ kan wà tó ń darí ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ yìí. Ẹ fi wé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ló ń ṣòfin bó ṣe máa gba orúkọ, tí ẹni méjì bá sì ń jà nídìí orúkọ, àwọn ló ń parí ẹ̀. Àga kan ṣófo níbẹ̀, ìbò ni wọ́n máa fi yan ẹni tó máa gbà á. Mo ní èmi ni màá jókòó síbẹ̀. Ó ti pẹ́ jù tí àwọn tó gbọ́ òyìnbó ti ń ṣòfin lé wa lórí, tí wọn ò gun òpó rí láyé wọn.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ pé Délé náà ti fi orúkọ sílẹ̀. Àga kan náà! Kò pè mí. Orí fóònù ni mo ti rí fọ́tò ẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà, eyín funfun báláú. Ó ní ọ́fíìsì íńtánẹ́ẹ̀tì kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Yaba. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ ibẹ̀ lọ.

Wọ́n wá ṣe mítìn orí kọ̀ǹpútà, kí àwọn tó máa dìbò lè gbọ́rọ̀ lẹ́nu wa. Délé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ẹ̀yin ni. Ó ní bàbá òun tó ń tún rédíò ṣe ní Mushin ló fọ̀nà han òun. Ó sọ bẹ́ ẹ ṣe ń fi ahọ́n tọ́ bátìrì wò, bẹ́ ẹ ṣe ń ti gíláàsì yín sórí, tẹ́ ẹ wá máa wá a kiri. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fẹ́ràn yín. Ara mi gbóná. Ta ló jókòó tì yín nínú ooru yẹn? Ta ni irin gbígbóná tá a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì jó lápá? Àpá ẹ̀ ṣì wà lára mi. Yúnífọ́ọ̀mù ni Délé ń wọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Mo ní màá mú un. Nígbà tó kàn mí, mo bi í níwájú gbogbo wọn pé, Délé, kí ni Bàbá máa ń sọ kí wọ́n tó tú ẹ̀yìn rédíò? Èmi àtẹ̀yin nìkan la mọ èyí. Ẹ máa kan ara rédíò kọ́ kọ́ kọ́ bí àlejò, ẹ máa ní, àgò onílé o. Èmi ni mo máa ń bá onílé dáhùn pé, àgò yà. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá.

Délé ò tiẹ̀ ronú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní, Ẹ̀gbọ́n mi, àgò onílé ni jàre, èmi ni mo máa ń sọ pé àgò yà.

Òun ni?

Ìgbà wo, Bàbá? Ṣé ọjọ́ Sunday tí mo bá lọ gbá bọ́ọ̀lù ni? Ṣé ìgbà tẹ́ ẹ bá rán mi lọ ra lẹ́ẹ̀dì lẹ máa ń pè é wọlé? Ẹ rán an níléèwé, mi ò bínú. Ẹ ra bàtà tuntun fún un, mo bínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí, èmi lẹ fún. Ẹ pè é ní owú, mo gbà. Níbi mítìn yẹn, mi ò rántí nǹkan tí mo fẹ́ sọ nípa ìgbìmọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó wá sílé mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní torí pé èmi lẹ̀gbọ́n, òun máa yọ orúkọ òun kúrò. Mi ò gbà. Ojú mi là sí i. Tó bá yọ ọ́, òun náà ni wọ́n máa yìn, pé ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé, pé ẹ̀jẹ̀ Bàbá ni lóòótọ́. Mo ní kó dìde, kó lọ wá ìbò ẹ̀. Mo fún un ní mínírà. Bó ṣe ń mu ún, ó ní ṣé fọ́tò yín ní ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ mi. Mo ní mi ò mọ ibi tó wà. Iwájú mi ló wà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa dìbò. Mo fẹ́ wọlé, Bàbá, mo fẹ́ ẹ gidi gan-an. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé gbogbo ìgbìmọ̀ yẹn fún mi, kò lè dáhùn ohun tí mo bi yín. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lójú àlá, ọ̀dọ̀ mi ni kẹ́ ẹ yà. Ilé mi ló tóbi jù, iná kì í lọ níbẹ̀. Ẹ má lọ sọ́dọ̀ Délé.

Tẹ́ ẹ bá sì máa débẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tí kò tíì rí yín yó.