Ilé Tí Orúkọ Mi Ṣì Wà Lórí Rẹ̀

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kẹta, 1981

Akọ̀wé káńsù mú ìwé owó-orí ilé wá bá mi lónìí. Ilé tí báńkì gbà lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n tà fún Àlàájì aláṣọ, tí owó rẹ̀ ò sì tó gbèsè, òun náà ni wọ́n tún ní kí n wá san owó-orí lé lórí!

“Orúkọ yín ló ṣì wà nínú ìwé wa, bàbá.”

Ìyá Fẹ́mi ní kí n gbé e lọ fún ẹni tó ń gbébẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń lọ.

Wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kun ilé náà. Ṣùgbọ́n fèrèsé yàrá mi ṣì wà, èyí tí mo ní kí bíríkìlà kọjú rẹ̀ sí Òkè Ìdànrè, kí n lè máa ti orí bẹ́ẹ̀dì wo ibi tí wọ́n bí mi sí.

Àlàájì ka ìwé náà. “Ẹ má bínú, bàbá. Lọ́la ni màá lọ ní kí wọ́n yọ orúkọ yín kúrò.”

Ó yẹ kí n dúpẹ́. Mo gba ìwé mi padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó má kánjú, èmi ni màá san ti ọdún yìí.